Bọ́ọ̀lù Pupa Tó Ṣẹ́kù

Ọjọ́ Ẹtì ni ìròyìn dé pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti ṣẹ́ gègé.

Beauty ló mú un wá láti Ore. Orí ọ̀kadà Rìlwánù ló ṣì wà tó ti ń pariwo pe Tóyọ̀sí láti ibi tí ọ̀nà ti yà wọ àdúgbò wọn ní Odigbo, kò sì tíì sọ̀kalẹ̀ tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

"Ìyá Ìdára, níbo lo wà láná? Gbogbo wa la pé sọ́dọ̀ Dókítà. Ìwọ nìkan la ò rí!"

Tóyọ̀sí wà lórí àpótí nídìí agbada gààrí. Ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú bí igi tí ẹnì kan gbé jù sílẹ̀ tó gbàgbé láti padà wá gbé. Ọmọ rẹ̀, Ìdáraolúwa, tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ń sùn lórí ẹní nínú ọ̀ọ̀dẹ̀. Igbá tó fi ń ro gààrí dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láná kẹ̀? Ta ló sọ fún mi?"

"Nọ́ọ̀sì ní òun pe ọkọ ẹ títí, kò wọlé. Ó ní òun tún tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i."

Tóyọ̀sí di ojú. Omi òjò ti ba fóònù tirẹ̀ jẹ́, nọ́ńbà Elisha ọkọ rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún wọn. Elisha sì wà lóko kòkó lẹ́yìn Ago Alaye, níbi tó jẹ́ pé èèyàn á gun òkè lọ dọdẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹni ń dọdẹ àgbọ̀nrín. Ó rí ọ̀rọ̀ náà lójú ọkàn rẹ̀, bó ṣe ń fò kiri lókè igbó, tó ń wá ibi tí yóò bà sí, títí ilẹ̀ fi ṣú mọ́ ọn.

"Ṣé ó ti bọ́ nìyẹn?"

"Kò tíì bọ́. Bọ́ọ̀lù kan ló kù nínú àpò, wọ́n ní tìẹ ni. Ṣùgbọ́n tó o bá jẹ́ kí òní lọ, wọ́n á pa ibẹ̀ dé."

"Èwo ni ìwọ fà?"

Beauty wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Pupa. Àwọn tó fa pupa ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́jú. Mi ò sì ní padà síbẹ̀ mọ́ láyé."

Ìtọ́jú yẹn gan-an ni gbogbo wọn tìtorí ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fa pupa, ìtọ́jú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá fa funfun, á dúró fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á kàn máa bi í bí ara ṣe ń dùn ún sí, ẹ̀yìn náà ni wọn yóò tó tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé rẹ̀, kò sí ẹni tó bèèrè ohun tí wọn yóò fi ṣẹ́ gègé náà. Wọn ò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni, wọn ò sì mọ àwọ̀ rẹ̀ àfìgbà tí ọwọ́ wọn jáde nínú àpò.

Ní ilé àdúrà tí òun àti Beauty ń lọ, aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn, ohun pupa kì í sì í ré ìloro kọjá. Bí ọmọdé bá so rìbọ́nù pupa mọ́rí wá, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń tú u. Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bèèrè. Pupa ni ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni jàǹbá, ó parí.

"Àwa tá a fà á kàn ń wo ojú ara wa ni," ni Beauty wí. "Obìnrin kan láti ìjọ tó wà lọ́nà Ago Alaye, ńṣe ló ju tiẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé iná jó o. Àti pé mo ti wo bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ to eegun nínú fóònù. Wọ́n yí ọrùn ọkùnrin kan báyìí, kẹ̀ù! Àbẹ́ẹ̀gì, ìrora mi kò burú tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ti ń bá a ṣọ̀rẹ́."

"Ìwọ tí ò lè jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú?"

"Mo ti ń dúró. Àwọn áńgẹ́lì pàápàá, ṣé wọ́n ń jókòó?"

Tóyọ̀sí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò jáde.

Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oyún wọ oṣù keje. Iwájú ló ti bẹ̀rẹ̀, nísàlẹ̀ ikùn, níbi tí eegun ìbàdí ọ̀tún àti ti òsì ti pàdé ara wọn. Gbogbo ènìyàn ní oyún ni, tó bá bímọ yóò lọ. Ó bímọ, ọmọ dé, ìrora jókòó. Ó tilẹ̀ yí gba ẹ̀yìn, ó ra ilẹ̀ kún ilẹ̀. Bó bá fẹ́ yí ara padà lórí bẹ́ẹ̀dì, á kọ́kọ́ di etí bẹ́ẹ̀dì mú bí ẹni tó fẹ́ sọ̀kalẹ̀ sínú kànga. Bí ilé bá pa rọ́rọ́, a máa gbọ́ tí nǹkan ń dún kẹ̀kẹ̀ nínú ara rẹ̀, gbogbo irun orí rẹ̀ a sì dìde. Lójú tirẹ̀, ìbàdí òun ti di igbá tó sán, tí ẹnikẹ́ni kò tíì kíyè sí, tí wọ́n sì ń pọn omi sínú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ìrora kọ́ ni olórí ẹ̀rù rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan tí wọ́n ń bọ̀ láti ilé àdúrà, ó pọn Ìdáraolúwa, ó fẹ́ gba orí pákó tí wọ́n fi bo gọ́tà kọjá. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kọ̀. Kò yọ̀, kò sì kọ lu nǹkan kan. Ó kàn kọ̀ ni, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó dúró láàárín ọ̀nà tó ní òun ò lọ mọ́. Tóyọ̀sí ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀já tú, ọmọ yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé wọn ló sáré fi ọwọ́ kan gbá aṣọ ọmọ náà mú kí orí rẹ̀ tó kan sìmẹ́ńtì.

Obìnrin náà kò bú u. Ó gbé ọmọ mọ́yà, ó ń mí gùlegùle, ó wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èyí tó burú ju èébú lọ: "Tóyọ̀sí, bí nǹkan kan bá tún fẹ́ ṣe ọmọ yìí, Elizabeth yóò wá gbé e lọ sí Agbabu. Mílíìkì inú agolo kì í pa ọmọ."

Elizabeth ni ẹ̀gbọ́n Elisha obìnrin. Ènìyàn dáadáa ni, ilé rẹ̀ mọ́, ọmọ rẹ̀ márààrún ti dàgbà, apá rẹ̀ sì ṣófo. Ohun tó tún wá dẹ́rù ba Tóyọ̀sí nìyẹn. Ọmọ tó bá bọ́ sí irú apá bẹ́ẹ̀, ta ló máa gbà á padà?

Ìgbà tó gbọ́ nípa Dókítà Adédoyin ló lọ fi orúkọ sílẹ̀. Obìnrin náà ń ṣe ìwádìí lórí àwọn abiyamọ tí ìbàdí ń dùn lẹ́yìn oyún. Kì í gún abẹ́rẹ́. Ọwọ́ ló fi ń tún eegun àti oríkèé ṣe. Iṣẹ́ náà ní orúkọ gígùn kan lédè Òyìnbó, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà Ore ti sọ ọ́ ní Dókítà Eegun, ó sì ń jẹ́ ẹ. Màmá Elisha pàápàá kò kọ̀ ọ́ nígbà náà. Ó ní gègé ṣíṣẹ́ wà nínú Bíbélì, àwọn àpọ́sítélì ṣẹ́ ẹ, ohun tí Ọlọ́run bá fẹ́ ni ọwọ́ yóò bà. Ó tilẹ̀ gbààwẹ̀ lé e.

"Lọ," ni Beauty wí, ó ti ń gba igbá gààrí lọ́wọ́ rẹ̀. "Bóyá tìẹ á jẹ́ funfun. Màá bá ẹ parí èyí."

"Má jẹ́ ó jóná o."

"Bó bá jóná, mo ti ń jẹ ẹ́ nìyẹn."

Rìlwánù ti gbé àpótí ìgò mínírà òfìfo sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kadà rẹ̀. Òun nìkan nínú gbogbo ọlọ́kadà Odigbo ló ń gbé e kiri nítorí Tóyọ̀sí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè ré ìjókòó kọjá mọ́.

"Ìyàwó Elisha, gun ìtẹ́ ẹ. Ọba pàápàá, wọ́n ń gbé àpótí sí i lẹ́sẹ̀ kó tó gun ẹṣin."

"Rìlwánù, bó o bá wọ kòtò kan lónìí, ìwọ lo máa gbé èmi àti ọmọ yìí délé."

"Kòtò ọ̀nà yìí? A ti jọ pẹ́. Wọ́n ń kí mi lórúkọ ni."

Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyàwó tuntun, ó gbá ọmọ mọ́ àyà. Ní gbogbo ọ̀nà, àdúrà méjì ló ń gbà, èkíní ń lé èkejì. Olúwa, jẹ́ kó jẹ́ pupa, kí wọ́n lè tọ́jú mi. Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ pupa.

Wọn kò tíì ti ilé ìwòsàn náà. Yàrá kan ni, lẹ́yìn ibi tí ọkọ̀ Benin àti ti Èkó ti máa ń dúró, ariwo àwọn tó ń ta búrẹ́dì sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Dókítà Adédoyin wọ bàtà kánfáàsì, irun orí rẹ̀ ti ń funfun níwájú etí. Kò bá a wí pé ó pẹ́. Ó kàn gbé àpò dúdú kékeré kan wá, ó sì tu ẹnu rẹ̀.

"Ó kù kan. Ẹ má bínú, kò sí yíyàn fún yín. Ṣùgbọ́n èmi náà kò mọ èyí tó kù, nọ́ọ̀sì ló kó wọn sí i."

Tóyọ̀sí ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bọ́ọ̀lù náà tutù, ó fúyẹ́ bí ẹyin tí wọ́n ti fa inú rẹ̀ mu. Ó yọ ọwọ́.

Pupa ni.

Kò sọ ọ́ nù. Ó mú un dání, ojú rẹ̀ sì ń wo ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bí ẹni pé wọ́n ti ń gbé e lọ.

"Ẹ dùbúlẹ̀ sí ibí kí n wò yín," ni Dókítà wí. "Ẹ fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó dáa. Ẹ má ká orúnkún o, ẹ gbé ẹsẹ̀ òsì sókè díẹ̀ fún mi."

Tóyọ̀sí gbìyànjú. Ẹsẹ̀ náà kò gbéra. Ó dà bí pé wọ́n kàn án mọ́ tábìlì. Ó fi eyín tẹ ètè, òógùn bọ́ sí i lójú, ìrora gba iwájú lọ sí ẹ̀yìn bí ọ̀bẹ, ẹsẹ̀ gbéra díẹ̀, ó sì já bọ́.

"Ẹ sinmi. Ó tó." Dókítà wá sí ìsàlẹ̀ tábìlì. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ẹ̀gbẹ́ ìbàdí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó sì fún wọn pọ̀ sáàárín, kò le, kò dẹ̀, bí ẹni tó gbá ìlẹ̀kẹ̀ tó fẹ́ já mú. "Ó yá, ẹ tún gbé e."

Ẹsẹ̀ náà gbéra.

Ó lọ sókè bẹ́ẹ̀ ni, ní fífúyẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ̀rù tó ba Tóyọ̀sí lákòókò yẹn ju ti ìrora lọ. Ó rò ó pé, bí ẹsẹ̀ bá fúyẹ́ báyìí, ta ló di ẹsẹ̀ òun mú láti ọjọ́ yìí wá? Dókítà yọ ọwọ́. Ìwúwo náà padà wọlé bí onílé.

"Kí lẹ ṣe?"

"Mi ò tíì ṣe nǹkan kan. Mo kàn bá yín di ohun tí àwọn iṣan yín yẹ kó máa dì mú ni. Ìgbà oyún, ara máa ń dẹ oríkèé ìbàdí sílẹ̀ kí ọmọ lè rí ọ̀nà gbà. Ti àwọn kan tètè ń padà. Ti àwọn mìíràn ń pẹ́."

"Ṣé tèmi á padà?"

"Mi ò mọ̀."

Tóyọ̀sí yí ojú sí i. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ẹni tó ti wò ó ló mọ̀. Wòlíì mọ̀, ó ní ó ti tán lójú ẹ̀mí. Obìnrin tó ń ta àgúnmu mọ̀. Ìyá tó gbẹ̀bí rẹ̀ mọ̀. Kò tíì sí ẹnì kan tó wò ó lójú tó ní òun ò mọ̀, àyà rẹ̀ sì já bí ẹni tó gbé ẹsẹ̀ wá àtẹ̀gùn tí kò bá a.

"Ẹ̀yin dókítà náà?"

"Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n, ìwádìí wo ni mo tún ń ṣe? Mo ti rí àwọn tí ara wọn yá. Bóyá ọwọ́ mi ni, bóyá àkókò ni, èyí ni mo fẹ́ mọ̀."

"Ṣé eegun mi máa dún?"

"Oríkèé lè dún. Kì í ṣe pé eegun fọ́ o. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ ò fẹ́ èyí tó ń dún, ọ̀nà mìíràn wà tí kì í dún rárá."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀jẹ̀ máa jáde?"

"Ẹ̀jẹ̀?" Dókítà jókòó sí etí tábìlì. "Rárá. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí gbogbo yín fi ń bi mí ní ẹ̀jẹ̀? Àwọn tó fa pupa láná, nọ́ọ̀sì ti ń pè wọ́n láti àárọ̀. Àwọn kan ò gbé e. Àwọn kan ní kí a pa orúkọ àwọn rẹ́. Àwọn tó fa funfun ló wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, àwọn tí mo ní kí wọ́n dúró! Kí ni mo ṣe?"

Tóyọ̀sí wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Pupa ni, Dókítà. Púpọ̀ nínú wa, aláṣọ funfun ni wá."

Obìnrin náà wò ó, ó wo bọ́ọ̀lù, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́, ó sì gbé e mì. "Ọjà ni mo ti rà wọ́n. Àwọ̀ méjì péré ló wà nínú ike náà. Ìyá tèmi gan-an, ìjọ aláṣọ funfun ló kú sí, kò sì wá sí mi lọ́kàn."

"Ṣé ẹ ò lè bá mi yí i padà? Kẹ́ ẹ kàn fi àwọ̀ mìíràn sí i?"

"Mo lè yí àwọ̀ padà fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tiyín ti jáde. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yan ẹni tó máa gba ìtọ́jú àti ẹni tó máa dúró, irọ́ ni màá padà lọ kọ sílẹ̀. Ọjọ́ Ajé la máa bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wá, ẹ ó bá mi. Bẹ́ ẹ ò bá wá, mi ò ní bínú sí yín. Ara yín ni."

Òjìji igi ti gùn sójú ọ̀nà nígbà tí Rìlwánù gbé wọn dé. Beauty ti lọ sílé, gààrí wà nínú ọpọ́n, ó jóná díẹ̀ létí. Màmá Elisha jókòó ní ọ̀ọ̀dẹ̀ nínú sùtánà funfun, ilé àdúrà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ti dé. Ó na ọwọ́ gba ọmọ.

"Beauty ní wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Kí lo fà?"

Funfun wà lẹ́nu Tóyọ̀sí. Ó wà níbẹ̀ gedegbe, bí obì tí èèyàn kò tíì fọ́. Bọ́ọ̀lù ti wà ní Ore, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n bó bá ní funfun, Màmá yóò gbé e lọ fún ọpẹ́ ní ọjọ́ Àìkú. Yóò kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọ́n yóò kọrin lé e lórí, irọ́ náà yóò sì wà níkùn rẹ̀ lójú Ọlọ́run. Ẹ̀rù èyí ju ẹ̀rù ìyẹn lọ.

"Pupa ni, Màmá."

Màmá Elisha kò pariwo. Ó fa ọmọ mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè Ìkálẹ̀, kíákíá, bó ti máa ń ṣe bí ọkàn rẹ̀ bá fò. Jésù, Jésù ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbà tó yá ló tó padà sí èdè tí Tóyọ̀sí tó wá láti ìlú mìíràn lè gbọ́ dáadáa.

"O ò bá ọmọ mi Ọlọ́runbùnmi láyé."

"N ò bá a, Màmá."

"Ìran ni wọ́n rí sí i. Aṣọ pupa, tí wọ́n tẹ́ sí ẹnu ọ̀nà wa níbí, tó ń tú jáde tí kò tán. Bùnmi rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ̀yin wòlíì yìí, ẹ kì í ríran aṣọ kí ẹ rí olówó tó rà á.' Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló bímọ. Ẹ̀jẹ̀ kò dá." Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ sókè sódò lẹ́yìn ọmọ. "Dókítà wà níbẹ̀, Tóyọ̀sí. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Wọ́n sọ fún òun náà pé kò sí nǹkan kan."

Obìnrin yìí kò ní i lára. Ẹ̀rù ń bà á ni, ẹ̀rù tó ti sin òkú rí. Tóyọ̀sí sì wo ọ̀nà tó wọ inú ilé, ó rí aṣọ náà lójú ọkàn rẹ̀, bó ti ń tú jáde, tó ń bọ̀ wá bá ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò lè sáré.

"Nígbà tó ti jẹ́ pupa, Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀," ni Màmá wí. "Jọ̀wọ́ rẹ̀. Wá sí ilẹ̀ àánú fún ọjọ́ méje, ká gbé ọ yí, ká gbàdúrà, ọmọ rẹ á wà lọ́dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n bó o bá ní o ń lọ, Elizabeth á wá gbé ọmọ yìí lọ́la. Bí ẹ̀jẹ̀ kan bá máa ṣàn, kò ní ṣàn sórí rẹ̀."

Ilẹ̀ àánú ni iyanrìn tí wọ́n fi bíríkì yí ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àdúrà. Ẹni tó bá ní ẹ̀bẹ̀ a máa dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọn a sì máa yí i gbiiri láti etí kan iyanrìn náà dé èkejì bí àgbá. Tóyọ̀sí ti yí níbẹ̀ rí nígbà tó ń wá ọmọ, ó sì dìde pẹ̀lú ìrètí. Báyìí, yíyí ẹ̀ẹ̀kan lórí bẹ́ẹ̀dì, omijé ló ń fà. Ó ro ọjọ́ méje, ó gbọ́ kẹ̀kẹ̀ náà nínú ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mira.

Ó yá fóònù Màmá, ó pe Elisha. Ìyanu ni, ó wọlé.

"Elisha, Màmá fẹ́ gbé ọmọ lọ sí Agbabu."

"Ta ló gbé ọmọ?"

"Ọmọ wa! Elizabeth!"

"Elizabeth bímọ?" Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, igi ń dún. "Mi ò gbọ́ ẹ dáadáa o. Ohun tí Màmá bá ti sọ, ẹ ṣe é. Mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń…" Ó já.

Elizabeth dé ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ìrì tó gbẹ. Ó gbé agolo mílíìkì dání, ó sì ra fìlà tuntun kékeré kan, funfun, tó ní ìdè lábẹ́ àgbọ̀n. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó sì yí sí Tóyọ̀sí.

"Ìyàwó wa, má rò ó sí mi. Ìgbà díẹ̀ ni. Tó o bá fẹ́ rí i, Agbabu kò jìnnà, àwọn òyìnbó tó ń wá ọ̀dà inú ilẹ̀ wa ló ń fi wá ṣe àríyá, wọ́n dé, wọ́n lọ, ọ̀nà tí wọ́n là ṣì wà níbẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá a rín in, ó na apá. "Ìdáraolúwa, wá sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà kékeré."

Ẹrù ọmọ náà ti wà ní dídì lórí àga: aṣọ, ìlédìí, ìpara. Tóyọ̀sí wà lórí ẹní, ọmọ lẹ́nu ọyàn rẹ̀. Kò tíì sùn. Ní gbogbo òru, ó ti gbé ẹ̀rù méjì yẹ̀ wò bí ẹni tó ń yẹ iṣu wò lọ́jà, ó tẹ èyí, ó tẹ ìyẹn, méjèèjì ló ń jẹrà. Bí pupa bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́? Bí ó bá dùbúlẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ obìnrin tó lóun ò mọ̀ yẹn, tí nǹkan já nínú rẹ̀ ńkọ́? Ó tún ronú ilẹ̀ àánú, ó ronú pákó orí gọ́tà, àti bí ọmọ ṣe yọ lẹ́yìn òun láìdún, bí ọṣẹ. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọwọ́ Màmá kò ní sí nítòsí.

Ó fi ọwọ́ kan gbá ọmọ mọ́ra, ó fi èkejì di ògiri mú. Ó kọ́kọ́ yí sí orúnkún ọ̀tún, ó dúró, ó mí, ó sì fa ara rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ìrora ń sọ fún un ní gbogbo ibi tó ń gbé. Elizabeth ti sún mọ́ ọn láti gba ọmọ. Tóyọ̀sí kò wo Elizabeth. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀rù tó ń bà yín ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mi ò lè yí nílẹ̀ àánú, mi ò sì ní gbé ọmọ mi sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń lọ sí Ore, màá jẹ́ kí Dókítà tọ́jú mi. Ìdáraolúwa ò lọ sí Agbabu. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń lọ. Ẹ bá wa lọ, kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa gbé e dání nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá sì lọ, Màmá, màá lọ."